Àkànní, abẹ́rẹ́ tó o sọ yẹn kò jẹ́ kí n sùn

Òkè Àdó,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọyẹ́ ti dé síbí, ètè gbogbo wa ti bó.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ọ̀pá kábọ́ọ̀nù tó o ní ẹ̀ ń lò níbi iṣẹ́, ọ̀pá tíńtìntín tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù inú èédú ṣe, mo ti mọ̀ ọ́n lórúkọ tẹ́lẹ̀, pé Sumio Iijima ará Japan ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1991. Ihò gba inú rẹ̀ já bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ tá a fi ń fọn fèrè nígbà èwe wa. Ṣùgbọ́n kí ọ̀kan nípọn tó nánómítà 1 péré, ìyẹn mìlímítà kan tá a pín sọ́nà mílíọ̀nù kan! Mo ṣírò rẹ̀ fáwọn ọmọ kíláàsì mi: bí 80,000 irú rẹ̀ bá tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, fífẹ̀ irun orí kan ni.

Abẹ́rẹ́ maikirosíkóòpù tó o ní ẹ fi ọ̀pá náà sí lẹ́nu ló wù mí jù. Mo ní káwọn ọmọ náà rántí afọ́jú tó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Maikirosíkóòpù yín kì í fojú wo nǹkan, ṣe ló ń fi ẹnu abẹ́rẹ́ tọ́ ọ wò, gegele àti kòtò. Abẹ́rẹ́ tó nípọn ò lè dé ìsàlẹ̀ kòtò tóóró. Ọ̀pá kábọ́ọ̀nù á wọ̀ ọ́. Bó bá sì forí sọ nǹkan, kò ní í kán, á tẹ̀, á tún nà padà. Ó dùn mọ́ mi pé gọ́ọ̀mù làwọn ará Yunifásítì Rice ní Texas, Amẹ́ríkà, fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu abẹ́rẹ́ ní 1996. Gọ́ọ̀mù, Àkànní!

Èyí tó o sọ pé wọ́n fẹ́ fi ọ̀pá náà ṣe tíránsítọ̀ kọ̀ǹpútà, ohun kékeré tó ń tan iná tó sì ń pa á, náà dára. Àmọ́ nínú ọ̀pá mẹ́ta tí wọ́n bá ṣe, ọ̀kan á máa ṣe bíi wáyà, iná inú rẹ̀ ò ṣeé pa. Òkúta inú ìrẹsì ni. Síbẹ̀ àwọn ará MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, fi ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà ní 2019, tíránsítọ̀ rẹ̀ lé ní 14,000.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. O ní ẹ máa ń da abẹ́rẹ́ tó bá ti kú nù. Jọ̀wọ́, bá mi mú ọ̀kan bọ̀ ní Kérésì. Kò ju ààbọ̀ hóró ìrẹsì lọ, àpò rẹ á gbà á. A ó gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù iléèwé wa. Apá tó gbé abẹ́rẹ́ dúró làwọn ọmọ máa rí, wọn ò ní í rí ọ̀pá náà fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n wo ibi tó wà, kí wọ́n má rí i.

Màmá ní kí n kí ọ. Wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà sílẹ̀ dè ọ́.

Èmi ni,
Àlàmú