Lẹ́tà sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ atamátàsé, nípa ọrùn ẹsẹ̀ Marco van Basten

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ fẹ́ fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ jẹun,

Mo kí yín o. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti wo góòlù tí Marco van Basten gbá wọlé ní Munich ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 1988, nígbà tí Nẹ́dálándì na Sófíẹ́ẹ̀tì ní 2–0 tí wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ Yúróòpù. Arnold Mühren, tó ti pé ẹni ọdún 37 nígbà náà, gbé bọ́ọ̀lù gíga wá láti apá òsì, kó sì tó balẹ̀ ni van Basten ti fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá a láti ibi tóóró kan, tó gba orí Rinat Dasaev tó ń ṣọ́lé kọjá sínú àwọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ó ti rẹ òun, pé òun ìbá dá bọ́ọ̀lù náà dúró, ṣùgbọ́n òun kàn ní kí òun gbá a wò ni. Ẹ máa wò ó, ẹ sì máa gbádùn rẹ̀. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kò sí nínú góòlù yẹn. Inú ọrùn ẹsẹ̀ ẹni tó gbá a wọlé ló wà.

Utrecht ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1964. Nígbà tó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún Ajax, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú Amsterdam, ní ọdún 1982, Johan Cruyff ló rọ́pò, ó sì gbá góòlù wọlé lọ́jọ́ náà gan-an. Ní sáà 1985 sí 1986, góòlù 37 ló gbá wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 26. Oṣù Kejìlá ọdún 1986 ni nǹkan yí padà, nígbà tí Ajax ń bá Groningen gbá. Ẹ má ṣe rò pé ìkà kan ló gé e lulẹ̀ o. Òun ló ju ẹsẹ̀ sí agbábọ́ọ̀lù Groningen láti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló sì bàjẹ́. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ́ góòlù gbígbá, kí lẹ ń fi gbogbo agbára yọ̀ lulẹ̀ lé bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíràn nínú ikọ̀ yín lè gbà?

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo rò sí jù. Wọ́n sọ fún un pé ọrùn ẹsẹ̀ náà kò ní bàjẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun àti Cruyff tó ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá Ajax sì jọ ṣàdéhùn pé kó máa sinmi nínú àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan nílé, ṣùgbọ́n kó máa gbá ti Yúróòpù. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1987, ní Athens, òun ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí Ajax fi na Lokomotive Leipzig, tí wọ́n sì gba ife. Èmi kò dá Cruyff lẹ́bi tán, nítorí ẹni tó ń tọ́ ikọ̀ sọ́nà kì í mọ ohun tó ń lọ nínú oríkèé ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 22, tó tún jẹ́ balógun ikọ̀, báwo ni yóò ṣe kọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá tí gbogbo ilẹ̀ Nẹ́dálándì ń júbà? Irú ipò bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin náà yóò bá ara yín, bí ẹ bá mọ bọ́ọ̀lù gbá dáadáa.

Ó lọ sí ẹgbẹ́ Milan ní Ítálì lọ́dún náà, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 11 péré ló sì gbá ní sáà àkọ́kọ́. Àyè ìjókòó ló ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje 1988 yẹn, kó tó di pé ó gbá góòlù mẹ́ta wọlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Düsseldorf. Ife Yúróòpù ti àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ní 1989 àti 1990, tẹ̀ lé e pẹ̀lú Milan, ó sì gba Ballon d'Or, àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Yúróòpù nígbà náà, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní 1988, 1989 àti 1992. Ní gbogbo àsìkò yẹn, àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ń ta á ní gìgísẹ̀ láti ẹ̀yìn; ìgbà tí Ife Àgbáyé 1998 ń bọ̀ ni àwọn aṣòfin bọ́ọ̀lù tó pàṣẹ pé ìwà bẹ́ẹ̀, bó bá léwu, káàdì pupa ni. Òfin náà pẹ́ kó tó dé.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1992 ó gbá góòlù mẹ́rin wọlé ẹgbẹ́ Göteborg nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti tún wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ẹni ẹ̀gún gún ní í ṣe lákáláká tọ alábẹ lọ, òtítọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni náà jókòó títí ojú ọgbẹ́ yóò fi jinná. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1993 ó ti padà sórí pápá fún àṣekágbá ife Yúróòpù ti àwọn ẹgbẹ́ pẹ̀lú Marseille, ní pápá Munich kan náà tó ti gba ife ní 1988. Milan pàdánù ní 1–0. Ẹni ọdún 28 ni, kò sì tún gbá bọ́ọ̀lù ìdíje mọ́ láyé rẹ̀. Ọdún méjì ló fi ń wá ìwòsàn kó tó dágbére ní San Siro, pápá Milan, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1995, tí Fabio Capello, akọ́nimọ̀ọ́gbá Milan, sì ń sunkún lórí ìjókòó rẹ̀. Ó ti sọ pé ìgbà kan wà tó jẹ́ pé rírákò lòun ń rákò lọ sí ilé ìtọ̀ lóru. Nígbẹ̀yìn, ṣe ni wọ́n so egungun oríkèé náà pọ̀: ìrora lọ, ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ náà kò ṣeé ká mọ́.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ibì kan bá kọ́kọ́ dùn yín, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ wá dókítà tí kì í ṣe ẹgbẹ́ yín ló ń sanwó fún un, kó wò yín, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fún yín ní abẹ́rẹ́ kí ẹ lè wọ pápá, ẹ béèrè ohun tó ń ṣe gan-an. Ìrora ló ń pa lẹ́nu mọ́, kì í tún oríkèé ṣe. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ẹ ka ibi tó sọ ẹni tí yóò sanwó ìtọ́jú, kódà lẹ́yìn tí àdéhùn bá parí. Aṣojú yín yóò máa sọ̀rọ̀ owó oṣù. Ẹ̀yin ni kí ẹ mú un padà sórí èyí.

Van Basten fúnra rẹ̀ kọ́ ọ, bó tilẹ̀ pẹ́. Ó ti jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Nẹ́dálándì láti 2004 sí 2008, ṣùgbọ́n nígbà tó ń tọ́ AZ Alkmaar sọ́nà ní ọdún 2014, wàhálà iṣẹ́ náà mú kí àyà rẹ̀ máa lù kìkì. Ó fi ipò ọ̀gá sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, ó sì gbà láti di igbákejì nínú ẹgbẹ́ kan náà. Àwọn kan pè é ní ìtìjú. Lójú tèmi, ìpinnu tó yẹ kí ẹnìkan ràn án lọ́wọ́ ṣe nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 22 ni. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìrora kan tí ẹ ń fi pamọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ lọ fún àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì mú ẹ̀gbọ́n tàbí òbí kan dání tí yóò lè béèrè ohun tí ojú ń tì yín láti béèrè.

Èmi ni,
Bàbá yín nínú bọ́ọ̀lù.