Jáńgílófà kọ́ lọmọ ń jẹ

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

27 oṣù karùn-ún ti ń sún mọ́lé, Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, gbogbo àwa tá a wà l'Ábújá la sì mọ bó ṣe máa ń rí. Òbí tí ò jáde látọdún á gbé ọmọ jáde lọ jẹun lọ́jọ́ náà, ojú títì Kubwa á dí, Wuse 2 ò ní gbẹsẹ̀, àwọn onílé oúnjẹ á ti so bàlúùnù mọ́ géètì látàárọ̀. Ìdí tí mo fi tètè kọ lẹ́tà yìí nìyẹn, torí ìyà tó jẹ mí lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde tó kọjá yìí, mi ò fẹ́ kó jẹ ọ̀tá mi.

Ìyá ìbejì ni mí. Táyé àti Kẹ́hìndé ti lé lọ́dún mẹ́ta, Ìdòwú tó tẹ̀lé wọn ò tíì pé ọdún kan, gbogbo orí kunkun tí wọ́n máa ń sọ nípa Ìdòwú, tiwa ò yọ ìkankan sílẹ̀ níbẹ̀. Bàbá wọn ló rí ibì kan lórí Instagram, ní Wuse 2, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ya àgùnfọn sára ògiri, jáńgílófà wà, bouncing castle wà, ó ní ibi tó yẹ ká gbé àwọn ọmọ lọ gan-an nìyí, èmi náà ní ó dáa.

Agogo méjì ọ̀sán la débẹ̀. Wọn ò ní ménù lórí tábìlì, fóònù lẹ máa fi yàwòrán àmì dúdú-funfun kan kẹ́ ẹ tó rí ohun tí wọ́n ń tà, dátà ọkọ mi ò sì lọ. Ibi tá a ti ń jà pẹ̀lú fóònù ni Táyé ti ní ebi ń pa òun. A sọ pé kí wọ́n gbé jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìyẹ wá fáwọn ọmọ, ó di wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó dé, mo ń wo aago ni o. Bouncing castle tá a rò pé ó wà fún àlejò, ẹgbẹ̀rún méjì náírà lórí ọmọ kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí àkókò bá ti pé wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á fa ọmọ jáde, Kẹ́hìndé na ara ẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbọọrọ, gbogbo èèyàn ń wò wá bí ẹni tí ò kọ́ ọmọ. Tábìlì tó wà lẹ́yìn wa ń fa shisha, èéfín ń gba orí Ìdòwú kọjá. Mo pe wéítà, ó ní, "Mádáàmù, ìta gbangba kúkú la wà." Ìta gbangba kẹ̀? Òfin tábà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 ka ilé oúnjẹ àti ibi ìṣeré ọmọdé mọ́ ibi tí wọn ò ti gbọdọ̀ mu sìgá, mi ò sì tíì gbọ́ pé ewé ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń dì sínú shisha.

Ìgbà tí ìrẹsì máa fi dé, ó pọ́n wẹ̀ẹ̀ bí ojú ẹni tí ò sùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Kẹ́hìndé fi sẹ́nu, ó yọ ahọ́n síta, ó na ọwọ́ sí omi, ife fọ́. Mo bèèrè bóyá wọ́n ní ìrẹsì funfun, wọ́n ní kò sí. Ìdòwú náà wá yàgbẹ́. Tóílẹ́ẹ̀tì wọn mọ́ lóòótọ́, dígí ńlá wà níbẹ̀, òdòdó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò síbi téèyàn lè tẹ́ ọmọ sí, inú búùtù mọ́tò ni mo ti pààrọ̀ pampers ẹ̀ nínú oòrùn Àbújá. Owó tá a san fún gbogbo wàhálà yìí lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì, wọ́n tún fi VAT ìdá 7.5 nínú 100 sí i, wọ́n tún fi owó iṣẹ́ wéítà sí i. Iṣẹ́ wo?

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, iná ò sí, gáàsì tún tán nílé, a ò ro nǹkan kan, a kàn wọ búkà ìyá kan nítòsí ọjà Kubwa. Àga oníke ni, kò sí àgùnfọn lára ògiri, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bá a ṣe ń wọlé báyìí ni ìyá náà ti rí àwọn ọmọ, ó ní "Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn! Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bu tiwọn o, àgbà lè mú sùúrù." A ò tíì jókòó dáadáa tí ẹ̀wà ti dé iwájú wọn, ó ti bù ú sọ́tọ̀ kí ata tó kàn án, torí ó ní òun mọ̀ pé ìbejì kì í kọ ẹ̀wà, kò sì gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Ó wá na ọwọ́ sí mi, ó gba Ìdòwú, ó pọ̀n ọ́n, ó ń bu ọbẹ̀ fáwọn oníbàárà mìíràn lọ. (Rárá, kò sún mọ́ iná, mo ń ṣọ́ ọ.) Olóòtú, ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti jẹ àmàlà tó ṣì ń gbóná kẹ́yìn. Mo jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà, mo fi gbẹ̀gìrì àti ewédú tì í, mo tún béèrè èyí tó lé.

Látìgbà yẹn ni mo ti ya eré sọ́tọ̀, tí mo ya oúnjẹ sọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ eré làwọn ọmọ fẹ́, Millennium Park wà ní Maitama, ibẹ̀ fẹ̀, koríko wà, kí wọ́n lọ sáré títí. Tó bá jẹ́ oúnjẹ, mo máa ń fóònù ṣáájú, mo máa ń bèèrè ohun tó ti jinná báyìí báyìí tí ò lata, tí wọ́n bá ti ń ṣe kà-kà-kà lórí fóònù mi ò lọ mọ́. Agogo méjìlá ni mo máa ń fẹ́ kí n ti jókòó, kí oorun ọmọ tó dé, àfi ọjọ́ Jímọ̀, torí ọ̀nà máa ń dí yí àwọn mọ́sálásí ká, ẹni tó ń dáná gan-an lè ti lọ kírun. Bí mo bá débẹ̀, mo máa ń wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà kí n tó yan tábìlì, mi ò sì ń jókòó sójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbé ọbẹ̀ gbígbóná gbà látinú kíṣìnì. Tí aṣọ bá wà lórí tábìlì, mo máa ń ká a kúrò, torí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, aṣọ yẹn ló máa dì mú, gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ á sì bọ́ lé e lórí.

Oúnjẹ Hausa dáa fọ́mọdé ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rò lọ o. Másà rọ̀, ìrẹsì ni wọ́n fi ṣe é, Ìdòwú lè dá a mú lọ́wọ́. Súyà ni mo máa ń ṣọ́ra fún, ẹran ẹ̀ le fún ọmọ, yájì tí wọ́n sì ń wọ́n sí i, kúlíkúlí lílọ̀ wà nínú ẹ̀ yàtọ̀ sí ata, ẹ̀pà sì máa ń bá àwọn ọmọ mìíràn jà. Ẹ̀pà odidi ńkọ́, ọmọ tí ò tíì pé márùn-ún ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, ó lè há a lọ́fun. Oyin náà, tí wọ́n bá dà á lé páńkéèkì, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan fẹnu kàn án, kòkòrò kan lè wà nínú ẹ̀ tí inú ọmọ ọwọ́ ò lè bá jà. Ẹja yíyan tí wọ́n ń tà ní Kado, ẹja àrọ̀ ni kẹ́ ẹ mú fún wọn, eegun ẹ̀ ò pọ̀ tó ti tìlápíà, àmọ́ kì í yára jinná, ẹ mú nǹkan ìpanu dání.

Àwọn kan á sọ pé ṣé dandan ni kẹ́ ẹ gbé ọmọ jáde ni. Ọ̀dọ̀ ta lẹ fẹ́ ká fi wọ́n sí? Ìyá mi wà n'Ísẹ́yìn, ìyá ọkọ mi wà n'Íbàdàn, aládùúgbò wa méjèèjì ń lọ síbi iṣẹ́. Lóòótọ́, àwa òbí náà ní ẹjọ́ tiwa, mo ti rí ẹni tí ọmọ ẹ̀ ń sáré gba àárín ẹsẹ̀ wéítà tó gbé ọbẹ̀ dání, tí òun ń tẹ fóònù. Èmi máa ń ṣa ìrẹsì tó dà sílẹ̀ kí n tó dìde.

Ẹ̀yin onílé oúnjẹ, a ò sọ pé kẹ́ ẹ kọ́ páàkì. Ìkòkò kékeré kan tí ò lata, kí oúnjẹ ọmọ kọ́kọ́ jáde, kí oní-shisha lọ sẹ́yìn pátápátá, pákó fífẹ̀ kan nínú tóílẹ́ẹ̀tì, tọkùnrin náà o, torí bàbá náà mọ pampers í pààrọ̀.

Ní tiwa, a ti mọ ibi tá à ń lọ ní 27. Mo fóònù ìyá náà láàárọ̀ yìí, ó ní òun á ti gbé ẹ̀wà kaná kílẹ̀ tó mọ́, pé kí n má gbàgbé ọ̀já Ìdòwú o.

Ìyá Ìbejì,
Kubwa, Àbújá.