Jẹ́ẹ́jẹ́ Mi Ni Mo Ń Lọ

Akésan, Ọ̀yọ́.

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà ni èmi àti ìyá rẹ wà. Mo rí ìtàn tí o fi ránṣẹ́ gbà, mo sì kà á sókè fún ìyá rẹ lálẹ́ àná. Ó dùn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ bá ọ sọ lé lórí, ìyẹn jẹ́ẹ́jẹ́, nítorí ìgbà 11 ni mo pàdé rẹ̀ láàárín ojú ìwé 4.

O kọ ọ́ pé, "Bàbá àgbà rọra rìn jẹ́ẹ́jẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ inú yàrá." Ẹrù ẹni mẹ́ta lo dì ru arúgbó kan. Rọra ti ṣáájú ọ̀rọ̀ ìṣe, ó ti ṣiṣẹ́ tán kí àwọn méjì tó kù tó dé, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń wo ohun tó lè bàjẹ́. Bí afíngbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ṣe ń fi ẹnu ọ̀bẹ tọ ìlà tó ti fà sára igbá, tí kò mí títí ọ̀bẹ fi yí igun, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìyẹn, torí bí ọwọ́ rẹ̀ bá yẹ̀, igbá ti lọ. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ń wo bí ọ̀ràn ṣe lọ dé òpin. Ìpàdé ẹbí lè parí wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fín igbá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ènìyàn fúnra rẹ̀ ni jẹ́ẹ́jẹ́ ń wò: kò wá wàhálà, kò sì fẹ́ kí wàhálà wá òun. Mo rò pé ìdí nìyí tí ó fi ń gba mi, rẹ tàbí wa mọ́ra. A kì í sọ pé "mo rìn kíákíá mi", ṣùgbọ́n "mo jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ mi" dùn lẹ́nu. Bí o bá sì gbé e síwájú gbólóhùn, tí o fi "ni" tì í lẹ́yìn, iṣẹ́ rẹ̀ yí padà. "Ó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́" kàn ń sọ bí ó ṣe ń rìn. "Jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ ni ó ń lọ" ti ń gbèjà rẹ̀.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí ọ̀kadà kọ lù mí? Bí mo ṣe wọlé tí mo ní, "Jẹ́ẹ́jẹ́ mi ni mo ń bọ̀ láti ọjà," ìyá rẹ ti ju abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ó ti ń wo orúnkún mi, bẹ́ẹ̀ n kò tíì dárúkọ ọ̀kadà. Ta ni ó ń fi gbólóhùn yẹn bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti sọ pé òun délé láyọ̀? Etí Yorùbá ti mọ̀ pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Bí àwọn àgbà bá sì pe ẹni méjì tó jà jókòó, àwọn méjèèjì ni yóò fi í bẹ̀rẹ̀, títí kan ẹni tó kọ́kọ́ fọ́ ẹnì kejì létí.

Nítorí náà, nínú 11 yẹn, èyí tí ọmọkùnrin tó jí owó sọ níwájú ìyá rẹ̀ nìkan ni kí o dá sí: "Jẹ́ẹ́jẹ́ mi ni mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù." Má ṣe sọ fún òǹkàwé pé irọ́ ló ń pa. Ní ti Bàbá àgbà, jẹ́ kí ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, kí ó máa fọwọ́ tọ́ ògiri wọlé. A óò rí ìrìn rẹ̀.

Tún àmì ohùn rẹ wò pẹ̀lú. Ní ojú ìwé kẹta, o kọ jẹ́jẹ̀ẹ́, ó wá dà bíi pé ìyálé náà ń bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú nídìí ààrò.

Fi ẹ̀dà tuntun ránṣẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Ìyá rẹ ò yé bi mí bóyá ọmọ náà dá owó padà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.