Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ Àkànní

Bọ̀ọ̀dá mi àti ìyàwó wa,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Ògbómọ̀ṣọ́? Àwa náà ń gbádùn ní Manchester níbí, òtútù yìí nìkan ló fẹ́ pọ̀ jù, a dúpẹ́. Mo gbọ́ voice note tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo tún un gbọ́ léraléra, mo wá ní kí n jókòó kọ ọ́ torí ọ̀rọ̀ yìí kọjá èyí tí mo lè máa sáré sọ lórí fóònù nígbà bréèkì.

Ẹ ní tíṣà tó ń kọ́ Àkànní ọmọ yín sọ pé ọmọ náà ti lórí kunkun, pé tí wọ́n bá pè é ní kíláàsì kì í dáhùn, wọ́n ti nà án títí kò gbọ́, láràárọ̀ á ní inú ń run òun, tó bá wá di Sátidé inú ò ní run ún mọ́. Bọ̀ọ̀dá mi, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń rán sí mi níbi iṣẹ́. Ẹ máa ń bi mí pé kí ni mò ń ṣe nínú skúùlù òyìnbó yẹn. Mò ń ran tíṣà lọ́wọ́ ní praímárì, wọ́n sì tún rán mi lọ kọ́ iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ELSA, ìyẹn ríran ọmọ lọ́wọ́ lórí ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀, àwọn tó kàwé nípa ìrònú ọmọdé ló ń kọ́ wa, a ṣì máa ń padà lọ bá wọn láàárín táàmù ká jọ yẹ iṣẹ́ wa wò. Ọmọ téèyàn kú fún, ọmọ tí bàbá àti ìyá ẹ̀ ń kọ ara wọn, ọmọ tó kàn ń bínú tẹ́nì kan ò mọ̀dí ẹ̀, wọ́n á ní kó máa wá sọ́dọ̀ mi bí ààbọ̀ wákàtí lọ́sẹ̀, a ó jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, a ó máa ya àwòrán, a ó máa sọ̀rọ̀. Tó bá sọ nǹkan fún mi, mi ò ní gbé e kiri o, àfi tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ń ṣe é níkà, ìyẹn ọjọ́ yẹn gan-an ni mo gbọ́dọ̀ lọ sọ fún ẹni tí skúùlù fi sídìí ààbò àwọn ọmọ, mo sì máa ń sọ ọ́ fún ọmọ náà kó tó lanu.

Lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì wa, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí, irú èyí tá a fi ń sáṣọ. Tó bá wọlé láàárọ̀ á fi há ara àwọ̀ kan, búlúù tí inú ẹ̀ ò bá dùn tàbí tó rẹ̀ ẹ́, gíríìnì tí ara ẹ̀ bá balẹ̀, yẹ́lò tí àyà ẹ̀ bá ń já, pupa tí inú bá ń bí i gan-an. Ọmọbìnrin kan wà tí kì í sọ̀rọ̀ rárá, ìsàlẹ̀ búlúù pátápátá ló máa ń há tiẹ̀ sí. Mi ò wádìí ẹnu ẹ̀, mo kàn ń kí i lórúkọ láràárọ̀, mò ń jókòó tì í, àfìgbà tóun fúnra ẹ̀ sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé òun kì í sùn lóru torí àbúrò òun tó wà ní ọsibítù.

Ẹ má sọ pé òyìnbó ló nírú ẹ̀ o. Àwọn náà na ọmọ níbí dáadáa, ọdún 1986 ni wọ́n ṣòfin tó gba ẹgba lọ́wọ́ tíṣà ní skúùlù ìjọba. Lọ́dún 1969, ní Hackney ní London, obìnrin kan tó ń jẹ́ Marjorie Boxall rí báwọn ọmọ tí skúùlù ń lé dànù ṣe pọ̀ tó, ló bá dá sílẹ̀ pé kí wọ́n máa kó ọmọ díẹ̀, bíi mẹ́wàá, sí yàrá kan pẹ̀lú àgbà méjì, kí wọ́n jọ jẹ búrẹ́dì, kí wọ́n jọ ṣeré, kí ọkàn wọn kọ́kọ́ balẹ̀ ká tó máa sọ ti ìwé. Wọ́n ṣì ń ṣe é dòní. Kò gbówó rẹpẹtẹ, àgbà tí ọmọ fọkàn tán ni olórí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí ò jẹ́ kí n sùn. Lọ́jọ́ tá a ṣe fídíò kọ́ọ̀lù, Àkànní gba fóònù, ó lọ sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé Màmá ti dọ́dọ̀ yín?" Nígbà tí ìyá wa kú, mo mọ̀ pé kó má bàa máa sunkún lẹ ṣe sọ fún un pé Màmá rìnrìn àjò, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọdé látayébáyé nìyẹn. Àmọ́ ọ̀dọ̀ Màmá ló ń sùn látìgbà tẹ́ ẹ ti já a lẹ́nu ọmú. Ó rí kánópì, ó rí èrò, ó rí gbogbo yín nínú aṣọ kan náà, ó gbọ́ ẹkún, ẹnikẹ́ni ò wá sọ ohunkóhun fún un. Ó lè máa rò pé òun ló ṣẹ Màmá tí wọn ò fi dágbére fóun. Ohun tí wọ́n kọ́ wa níbí ni pé ká sọ fún ọmọ pé ẹni yẹn kú, kò ní padà wá mọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ńṣe ló sùn, oorun á máa ba ọmọ lẹ́rù, tẹ́ ẹ bá ní ó rìnrìn àjò, á máa wọ̀nà.

Torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ ọsibítù kí wọ́n yẹ inú ẹ̀ wò, ká má lọ rò pé ìrònú ni kó wá jẹ́ àìsàn. Ìyàwó wa, ẹ gbé ẹ̀gúsí kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan kẹ́ ẹ jọ máa bó o, ọmọ máa ń sọ̀rọ̀ tọ́wọ́ ẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ tẹ́nì kankan ò tẹjú mọ́ ọn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti sọ fún un. Tó bá sunkún ẹ jẹ́ kó sun ún, tẹ́yin náà bá sunkún kò burú, ìyá tó bí èmi àti Bọ̀ọ̀dá mà ni, èmi náà ṣì ń sun ún níbí.

Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ skúùlù, ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ fún hẹdimísírẹ́sì àti tíṣà ẹ̀ pé ìyá àgbà tó tọ́ ọ kú, ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dẹ́kun nínà yẹn. Wọ́n ṣáà ní bá a bá fọwọ́ ọ̀tún na ọmọ ká fi tòsì fà á mọ́ra, ẹ bi wọ́n pé ta ló ń fi tòsì fà á mọ́ra níbẹ̀. Tíṣà tó kọ́ ọ ní praímárì tú, èyí tó máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣáá, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó máa dúró dè é ní géètì láàárọ̀, kó kí i, kó bi í bóyá ó jẹun, kí Àkànní sì mọ̀ pé òun lè lọ bá a tí nǹkan bá wọ òun lọ́rùn. Ìṣẹ́jú méjì tó.

Mo ti fi owó ọsibítù sí àkáǹtì ìyàwó wa, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Tẹ́ ẹ bá ti sọ fún un, ẹ fún un ní fóònù kó pè mí, ì báà jẹ́ lóru, torí á ní ìbéèrè, èmi náà á sì dá a lóhùn bó ṣe rí gan-an. Ẹ bá mi kí Ìyá Ṣadé àti gbogbo ará àdúgbò.

Èmi àbúrò yín,
Àbẹ̀kẹ́