Kí ló kan káńsù nínú ẹni tí òṣìṣẹ́ ń fẹ́?

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà tí arákùnrin kan kọ sí yín láti Ẹ̀pẹ́. Inú ń bí i pé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ láti gbè sẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé nítorí pé ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ni wọ́n, tàbí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin. Ó ní kí ló kan káńsù níbẹ̀, àbí wọ́n ti gbá gbogbo ọjà mọ́ tán ni? Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ní èsì. Iṣẹ́ àbójútó òṣìṣẹ́ ni mo fi jẹun láwọn iléeṣẹ́ tó wà ní Odógúnyán kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbà wọ́n wọlé, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń lé wọn jáde.

Ohun tí arákùnrin wa kò sọ ni pé káńsù gan-an ló fa ọ̀kan nínú àwọn ẹjọ́ náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Clayton ní ìpínlẹ̀ Georgia ni Gerald Bostock. Ilé ẹjọ́ àwọn ọmọdé ló ti ń ṣiṣẹ́, tó ń bá wọn bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ nílé tàbí tí òbí pa tì. Iṣẹ́ náà dára débi pé ètò tó ń darí gba àmì ẹ̀yẹ. Lọ́dún 2013, ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ eléré ìdárayá kan tó jẹ́ ti àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ dé etí àwọn kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, kò sì pẹ́ tí káńsù fi ní ìwà rẹ̀ kò yẹ òṣìṣẹ́ àwọn. Wọ́n lé e lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Òun nìkan kọ́. Donald Zarda ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń fi agbòòrùn ńlá já bọ́ láti inú bàálù ní New York. Aimee Stephens ní tirẹ̀ ń bá wọn tọ́jú òkú ní iléeṣẹ́ ìsìnkú kan ní Michigan; wọ́n bí i ní ọkùnrin, ó wá kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ pé bí obìnrin lòun yóò máa múra wá síbi iṣẹ́ láti ìsinsìnyí lọ. Wọ́n lé àwọn méjèèjì. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà pa ẹjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó sì dájọ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2020. Zarda ti kú láti ọdún 2014. Stephens kú ní oṣù kan péré kí ìdájọ́ tó jáde, èyí sì dùn mí ju gbogbo ẹ̀ lọ.

Adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ló gbè wọ́n. Neil Gorsuch, tí Ààrẹ Trump fúnra rẹ̀ yàn, ló kọ ìdájọ́ náà, kì í sì í ṣe ẹni tí ẹnikẹ́ni lè pè ní alágbàwí àwọn tó ń fẹ́ irú ara wọn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀ rárá. Òfin ọdún 1964 ní kí ọ̀gá má ṣe lé ènìyàn nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Bí òṣìṣẹ́ méjì bá wà, tí àwọn méjèèjì ń fẹ́ ọkùnrin, tí o wá fi èyí tó jẹ́ obìnrin sílẹ̀, tí o lé èyí tó jẹ́ ọkùnrin, jíjẹ́ ọkùnrin rẹ̀ ni o fi lé e yẹn. Bẹ́ẹ̀, abala kejìlélógójì òfin ilẹ̀ tiwa náà kọ̀ kí wọ́n dẹ́yẹ sí ọmọ Nàìjíríà nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Mi ò kí ń ṣe lọ́yà, mo kàn fi hàn yín ni.

Kí ló wá mú àwọn káńsù mìíràn dá sí i? Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é ní tiwọn ni. Ìlú East Lansing ní Michigan ti pàṣẹ láti ọdún 1972 pé kí wọ́n má fi irú ẹni tí èèyàn ń fẹ́ dù ú níṣẹ́. Wisconsin ni ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ sọ ọ́ dòfin, ní ọdún 1982. Nígbà tí àwọn aṣojú ìlú àtàwọn méyọ̀ wá kọ̀wé sí ilé ẹjọ́, ohun tí ojú wọn ti rí ni wọ́n ń sọ. Káńsù alára gba òṣìṣẹ́ tó pọ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì lé lẹ́nu iṣẹ́ láìnídìí, tí kò rí owó ilé san mọ́, ìlú tó ń gbé ni ẹrù rẹ̀ máa já lé lórí, kì í ṣe àwọn aṣòfin tó wà ní Washington.

Ìkòròdú kì í ṣe Amẹ́ríkà, mo mọ̀. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2014 ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ọkùnrin tó bá gbé ọkùnrin níyàwó, ọdún 10 sì ni fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí tó ń fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Èrò mi nípa òfin yẹn yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ ń gbé àdúgbò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí. Ẹ sáà ka òfin náà. Kò sí ibi tó ti ní kí ọ̀gá iléeṣẹ́ di ọlọ́pàá àti adájọ́, kó máa wo ìrìn ènìyàn kó tó sanwó oṣù fún un.

Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ọmọkùnrin kan wà níbi tí wọ́n ti ń di ọjà sí páálí. Kì í pẹ́ dé, kì í jalè, ẹ̀rọ kò bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ẹnì kan lọ sọ fún súpáfáísọ̀ pé ìrìn rẹ̀ jọ ti obìnrin, àti pé kò sẹ́ni tó rí ọmọge lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí. Wọn ò fún un ní kúẹ́rì, wọn ò pè é sí ìgbìmọ̀ kankan. Wọ́n kàn sọ fún sìkiọ́rítì ní gééètì pé kó má jẹ́ kó wọlé mọ́. Kásúà ni, kò níwèé lọ́wọ́, ta ló fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn fún? Mo kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ náà, ọ̀gá ní kí n gbọ́ ti ara mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọlọ́gbọ́n wá rí i pé ọ̀nà náà rọrùn. Ọmọbìnrin kan kọ̀ fún súpáfáísọ̀ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n fi ń sọ kiri pé obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fẹ́. Òun náà lọ. Bóyá òótọ́ ni o, bóyá irọ́ ni o, mi ò bi í, kò sì kàn mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹni yìí kò kàn yín, ẹ wo àpọ́n ẹni ogójì ọdún tó wà nínú ilé yín, kẹ́ ẹ wò ó bóyá àhesọ kò lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun náà.

Ẹni tó bá ní òfin wa kò lè jẹ́ kí irú ààbò yìí ṣeé ṣe, kó wo Botswana. Láti ọdún 2010 ni òfin iṣẹ́ wọn ti kọ̀ kí ọ̀gá lé òṣìṣẹ́ nítorí ọkùnrin tàbí obìnrin tó ń fẹ́. Nígbà yẹn, òfin ìwà ọ̀daràn wọn ṣì lòdì sí ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin. Ọdún 2019 ni ilé ẹjọ́ tó fagi lé e. Fún ọdún mẹ́sàn-án, òfin méjèèjì ń ṣiṣẹ́ nínú orílẹ̀-èdè kan náà. Àwa náà mọ ọ̀nà yìí. Jonathan tó buwọ́ lu òfin oṣù Kìíní yẹn ni ààrẹ nígbà tí òfin ọdún 2014 jáde, èyí tó ní kí wọ́n má dẹ́yẹ sí ẹni tó ní kòkòrò HIV níbi iṣẹ́. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣòfin tirẹ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara láti ọdún 2011.

Mo mọ̀ pé káńsù kò lè ṣòfin iṣẹ́. Àbújá ló ni ìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ àgbà ní káńsù pàápàá, Èkó ló ní ìgbìmọ̀ tó ń gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n káńsù mẹ́fà ló wà ní agbègbè Ìkòròdú tí a bá ka àwọn ti ìdàgbàsókè mọ́ ọn, gbogbo wọn ló sì ń gbé kọ́ńtíráàtì jáde: ti gbígbá ọjà, ti gọ́tà, ti ibùdókọ̀. Nínú ìwé àdéhùn tí kọ́ńtíráktọ̀ máa fọwọ́ sí, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kúẹ́rì gbọ́dọ̀ wà kí wọ́n tó lé ẹnikẹ́ni, kó jẹ́ lórí iṣẹ́, kí ó má jẹ́ lórí ẹni tí wọ́n ń sọ pé ó ń fẹ́. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Ilé ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ sì wà, àtúnṣe kẹta sí òfin ilẹ̀ wa lọ́dún 2010 ti fún un lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìrẹ́jẹ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá ní ìwé káńsù lọ́wọ́ á ní ohun tó máa gbé lọ síwájú adájọ́.

Olóòtú, ẹ bá mi rán akọ̀ròyìn yín lọ bi àwọn alága mẹ́fẹ̀ẹ̀fà léèrè bóyá wọ́n lè fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì tẹ orúkọ ẹni tó bá kọ̀ pẹ̀lú ìdí tó fi kọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì kan,
Ìta Ẹlẹ́wà, Ìkòròdú