Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: Ṣé Orí Ló Yọ Odysseus ni, àbí Ọgbọ́n?

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo rí ọ̀rọ̀ tí o kọ ránṣẹ́. Bàbá rẹ ń kí ọ, àwọn àbúrò rẹ náà ń kí ọ. Ohun méjì ni o bi mí, mo sì fẹ́ dá ọ lóhùn méjèèjì pọ̀. Ọ̀kan ni iṣẹ́ tí olùkọ́ yín fún yín ní ẹ̀ka Classics, ẹ̀kọ́ nípa Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́, níbẹ̀ ní Ìbàdàn: nígbà tí Odysseus, akọni inú ìtàn Odyssey ti Homer, akéwì Gíríìkì, bọ́ nínú ihò Polyphemus, òmìrán olójú kan, ṣé orí ló yọ ọ́ ni àbí ọgbọ́n? Èkejì ni ti ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé yàrá, tó bọ́ sínú ọkọ̀ àwọn olè nírọ̀lẹ́, tí wọ́n gba fóònù àti owó rẹ̀. O ní àwọn kan nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì yín ń sọ pé kò gbọ́n ni, pé bó bá jẹ́ àwọn ni, àwọn kò ní wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tún ìtàn náà kà dáadáa kí n tó mú bírò, nítorí n kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán dá ọ lóhùn.

Wo ibi tí ewu náà ti bẹ̀rẹ̀ ná. Òmìrán yẹn kò wá Odysseus lọ. Odysseus ló fi àwọn ọkọ̀ yòókù sílẹ̀ ní erékùṣù àwọn ewúrẹ́, tó fi ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo kọjá sí òdìkejì, tó ṣa ọkùnrin 12, tí wọ́n sì wọ ilé onílé nígbà tí onílé kò sí nílé. Wọ́n bá wàràkàṣì lórí pẹpẹ, wọ́n bá ọmọ ewúrẹ́ àti ọmọ àgùntàn nínú ọgbà wọn. Àwọn èèyàn rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n kó ohun tọ́wọ́ bà, kí wọ́n tètè padà sínú ọkọ̀. Ó kọ̀. Ó fẹ́ fojú kan onílé náà, ó sì ń retí ẹ̀bùn tí wọ́n máa ń fún àlejò. Nígbà tó ń sọ ìtàn náà lẹ́yìn ọ̀la, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ì bá sàn jù bóun bá gbọ́ tiwọn. Lójú tèmi, ọgbọ́n tó ga jù nínú gbogbo ìtàn yìí, ẹnu àwọn tí ìtàn kò dárúkọ wọn ló ti jáde, kò sì sẹ́ni tó gbà á. (Ẹ̀gbọ́n rẹ máa ní olè náà ni wọ́n fẹ́ jà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n sá.)

Òmìrán dé, ó fi òkúta dí ẹnu ọ̀nà, òkúta tí Odysseus ní kẹ̀kẹ́ ẹrù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin 22 kò lè gbé kúrò nílẹ̀. Ó gbá èèyàn méjì mú, ó jẹ wọ́n, ó sùn. Nígbà tó ń sùn ni Odysseus gbọ́wọ́ lé idà, ó fẹ́ gún un níbi ẹ̀dọ̀. Ìgbà yẹn ni èrò mìíràn sọ sí i lọ́kàn: bó bá kú, ta ni yóò yí òkúta yẹn? Gbogbo wọn á kú sínú ihò pẹ̀lú òkú òmìrán. Ó gbọ́wọ́ kúrò lórí idà, ó sì jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, bí wọ́n bá bi ọ́ níbo ni ọgbọ́n wà, ibẹ̀ yẹn ni kí o kọ́kọ́ tọ́ka sí, ṣáájú wáìnì, ṣáájú orúkọ èké. Ìbínú ti dé, ìbẹ̀rù ti dé, ohun ìjà wà lọ́wọ́, ó sì ráyè ronú kan ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí a ń pè ní akọni kò ní lè ṣe ìyẹn.

Ìyókù ni gbogbo ayé mọ̀. Òmìrán jẹ méjì láàárọ̀, ó jẹ méjì lálẹ́. Odysseus fi wáìnì líle bọ́ ọ, ó ní orúkọ òun ni Kò-Sẹ́nìkan, wọ́n sì fi igi ólífì tí wọ́n ti fi iná gbóná fọ́ ojú rẹ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tó kígbe, tí àwọn aládùúgbò sáré wá bi í ta ló ń pa á, ó ní Kò-Sẹ́nìkan ni. Wọ́n ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, àìsàn ni, kó ké pe bàbá rẹ̀, wọ́n sì lọ.

Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ tó ń sọ pé ọgbọ́n nìkan ni, ọ̀rọ̀ wáìnì àti igi yìí ni wọ́n dì mú. Ṣùgbọ́n wo àwọn ohun tí ọgbọ́n kò fọwọ́ kàn. Wáìnì yẹn, Maron ló fún un, àwòrò òrìṣà Apollo, nítorí pé Odysseus àtàwọn èèyàn rẹ̀ dáàbò bo òun àti ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Oore tó ṣe síbòmíràn ló tẹ̀ lé e wọ inú ihò. Nígbà tó tó àkókò láti yan àwọn tí yóò bá a gbé igi náà, wọ́n ṣẹ́ kèké, kèké sì mú àwọn mẹ́rin tí òun náà ì bá yàn fúnra rẹ̀. Ta ló darí kèké yẹn?

Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni ti àwọn àgbò. Lálẹ́ àkọ́kọ́, abo ẹran tó ń fún ní wàrà nìkan ni òmìrán kó wọlé. Ó fi àwọn akọ sílẹ̀ nínú àgbàlá. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, gbogbo ẹran ló kó wọlé, àtakọ àtabo, kò fi ẹyọ kan síta. Odysseus fúnra rẹ̀ kò mọ ìdí ẹ̀. Ó ní bóyá òmìrán fura sí nǹkan, bóyá òrìṣà kan ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní àwọn àgbò sùn síta lálẹ́ ọjọ́ yẹn ńkọ́? Ojú òmìrán á fọ́, àwọn aládùúgbò á lọ, Odysseus á sì wà nínú ihò pẹ̀lú òmìrán afọ́jú tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ẹ̀yìn àgbò ńlá onírun kíki ni òmìrán fọwọ́ pa kọjá láàárọ̀. Abẹ́ wọn ni àwọn èèyàn wà. Orí ló kó àgbò wọlé. Kò sí àrékérekè kankan tó lè ṣe é.

Síbẹ̀, gbogbo wọn ló rí àgbò. Àgbò lásán ni wọ́n rí. Ẹnì kan ṣoṣo ló wo okùn tí òmìrán ń sùn lé lórí, tó wo irun àgbò, tó so ẹran mẹ́ta-mẹ́ta pọ̀, tó fi èèyàn sábẹ́ ti àárín. Òun náà rọ̀ mọ́ abẹ́ àgbò tó tóbi jù, òun ló sì jáde kẹ́yìn. Èyí ni mo fẹ́ kí o kọ sínú iṣẹ́ rẹ: nínú ihò yẹn, kò sí èyí tó lè dá a gbé jáde nínú méjèèjì. Oríire ti wọlé kó tó gbé wáìnì síwájú òmìrán, ó kàn dúró síbẹ̀, ó ń jẹ koríko lẹ́nu. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni láti dá a mọ̀ nígbà tí àyà ń já.

Má gbàgbé ẹni tó ń sọ ìtàn náà o. Odysseus ló ń ròyìn ara rẹ̀ níwájú ọba Alcinous, nígbà tó ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e délé. Ẹni tó ń wá ojúrere á fẹ́ gbé ara rẹ̀ ga. Pé ó tún mẹ́nu ba kèké àti àgbò, ìyẹn jẹ́ kí n gbà á gbọ́ sí i. Nínú àlọ́ tiwa, nígbà tí Ìjàpá àti Ajá jí iṣu oníṣu, tí ọwọ́ tẹ Ìjàpá tó sì ka Ajá mọ́ ọn, Ajá fi ẹyin sẹ́nu, ó tẹ̀ ẹ́ fọ́ níwájú àwọn ìránṣẹ́ tó wá mú un, wọ́n rò pé èébì àìsàn ni. Ọgbọ́n pátápátá ló yọ Ajá. Apàlọ́ kò fi àyè sílẹ̀ fún orí. O lè fi ìyàtọ̀ yẹn sínú iṣẹ́ rẹ, bí olùkọ́ yín bá fẹ́ irú ẹ̀.

Ó wá ku àwọn mẹ́fà tí òmìrán jẹ. Kí ni wọ́n ṣe? Odysseus kò sọ pé wọ́n jẹ́ òmùgọ̀, kò sọ pé wọ́n lọ́ra. Ọwọ́ ńlá kan ló nà wá, ó sì kàn wọ́n. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó kọ́kọ́ ní “ẹ jẹ́ ká lọ” wà nínú wọn. Orí burúkú kì í wú tuulu, a kì í dá ẹsẹ̀ aṣiwèrè mọ̀ lójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì yín fi dùn mí. Ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ ti wọ ọkọ̀, ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni gbogbo yín ti ń wọ̀ ọ́? Ọkọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ gbé èèyàn dé ibi tí wọ́n ń lọ, tirẹ̀ kò gbé e débẹ̀. Àwọn tó wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ kò gbọ́n jù ú lọ. O sì sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n yọ ọ̀bẹ, kò bá wọn jà, ó fún wọn ní fóònù, ó dákẹ́ títí wọ́n fi já a sílẹ̀. Ọwọ́ tó kúrò lórí idà nìyẹn. Kí o sọ ọ́ sí i létí, lójú àwọn tó ń fi ṣe ẹlẹ́yà.

Tí ìwọ náà bá bọ́ nínú ewu lọ́jọ́ kan, ṣọ́ra fún ohun tí Odysseus ṣe lẹ́yìn náà. Wọ́n ti wọ ọkọ̀, wọ́n ti ń tu ọkọ̀ lọ, ló bá ń pariwo sí òmìrán. Òmìrán ju àpáta, omi ru, ó gbé wọn padà sẹ́bàá ilẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́. Ó tún kígbe, lọ́tẹ̀ yìí ó pe orúkọ rẹ̀ gangan, orúkọ bàbá rẹ̀, àti ìlú rẹ̀ Ithaca. Orúkọ yẹn ni Polyphemus fi gbàdúrà sí Poseidon, òrìṣà òkun, tó jẹ́ bàbá rẹ̀: kí Odysseus pẹ́ kó tó délé, kó pàdánù gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kó bá wàhálà nílé. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọgbọ́n tó mú un jáde kúrò nínú ihò kò bá a dé inú ọkọ̀, nítorí ó ti gbàgbé àwọn àgbò, ó rò pé òun nìkan ló yọ ara òun.

Bá ọ̀rẹ́ rẹ lọ sí báńkì kí wọ́n ti káàdì rẹ̀ pa, bí ẹ kò bá tíì ṣe é, kí ẹ sì gba SIM rẹ̀ padà. Má jẹ́ kó dá lọ. Owó díẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́ kì í ṣe tìrẹ nìkan. Mú nínú rẹ̀ fún un. Nígbà tí ẹ bá gba ìsinmi, ọkọ̀ àárọ̀ ni kí o wọ̀, nínú gáréèjì, má dúró sẹ́bàá títì, kí o sì pè mí kí ọkọ̀ tó gbéra. Fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí mi nígbà tí o bá kọ ọ́ tán, mo fẹ́ mọ ohun tí o sọ nípa kèké.

Èmi ni,
Ìyá rẹ