Ẹ Yọ Ọ́ Kúrò Lójú Ìwé Ẹ̀rín

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ níbí ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín, n kò sì kọ lẹ́tà sí yín rí. Bí inú bá bí mi sí ohun tí ẹ kọ, màá bá yín jiyàn lọ́kàn, màá ká bébà náà sí abẹ́ apá, ó parí. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí kò ṣe é ká.

Ojú ìwé àwàdà ni ẹ gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúrẹ́ tó wọ ṣòkòtò. Àwòrán láti inú fídíò kan ni: Donald Trump, ààrẹ Amẹ́ríkà, ló dé adé, tó jókòó sínú ọkọ̀ òfuurufú ogun, tó ń da nǹkan lé àwọn èèyàn lórí láti òkè. Mo wá ọ̀rọ̀ tó máa bo nǹkan ọ̀hún láṣìírí, n kò rí. Ohun tó jọ ìgbẹ́ gbáà ni. Ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ò ní tán láyé.

Fún ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀: ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ogunlọ́gọ̀ ará Amẹ́ríkà wọ́de ní ìlú púpọ̀, wọ́n ní ààrẹ làwọn dìbò yàn, àwọn kò fi ẹnikẹ́ni jọba. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ààrẹ fi fídíò yìí dá wọn lóhùn lórí ìkànnì tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é, kò ṣẹlẹ̀ lójú ayé, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló gbé e síta kí ayé wò ó.

Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ mi, lójú ọ̀nà ọjà Olúwo, ni mo ti ka ìwé yín. Ẹni tó wà lórí àga ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí onígbàjámọ̀ fi gbé ẹ̀rọ kúrò lórí rẹ̀ kó má baà fá a lápá kan. Èmi náà rẹ́rìn-ín, n kò ní purọ́. Ọmọ onígbàjámọ̀ wà níbẹ̀, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, òun ló máa ń gbá irun ilẹ̀. Fóònù bàbá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá alákàrà yọjú pé kó wá gba ṣéńjì tó gbàgbé sọ́dọ̀ òun, ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ náà kò gbójú sókè. Ó ní kí ó dákẹ́, ó pè é ní ẹlẹ́dẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ lórí fóònù, àmọ́ ìyá náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù pa lọ́lọ́. Ìyá alákàrà fi ṣéńjì náà, àádọ́ta náírà méjì tó ti gbó, sórí bẹ́ǹṣì, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Níbo lọmọ ti kọ́ ọ? Ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, obìnrin oníròyìn kan bi ààrẹ Amẹ́ríkà ní ìbéèrè tí kò fẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀. Trump na ìka sí i, ó ní kí ó dákẹ́, ó pè é ní ẹlẹ́dẹ̀ kékeré. Kò pẹ́ tó fi dé Ẹ̀pẹ́. Àwọn ọkùnrin tó ń wá fá irun ń fi pe ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ ń gbálẹ̀, etí rẹ̀ ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n, Olóòtú, ibi tó ta mí lára jù ni adé yẹn.

Láti ọdún 1776 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ní àwọn kò bá ọba ṣe mọ́, ọ̀rọ̀ wọn sì yé mi. Síbẹ̀ ó pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, torí lójú tiwọn, ọba ni ẹni tó ń ṣe bó ṣe wù ú. Ẹ ní kí wọ́n wá bi wá. Ẹni tí à ń pè ní Kábíyèsí, tí a ní kò sí ẹni tó lè bi í, òun gan-an ni èèwọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù nílùú. Kì í jẹun lójú ọjà. Kì í bá èèyàn fa gbólóhùn. Ìlẹ̀kẹ̀ adé á bo ojú rẹ̀, kí ará ìlú má baà máa ka ìbínú àti ẹ̀rín lójú rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé. Nígbà tí mo wà léwe, bàbá mi mú mi dání lọ sí ààfin kan lọ́jọ́ ọdún. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń retí ohùn bí àrá. Wúyẹ́wúyẹ́ ni Kábíyèsí sọ̀rọ̀ sétí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni yẹn ló wá ké e sókè fún wa. N kò mọ ohùn ọba yẹn títí tó fi wàjà.

Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́ ńkọ́? Bí Aláàfin bá ṣe kọjá ààlà, Baṣọ̀run àti àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè tó ń yan ọba, ń bẹ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé igbá òfìfo lọ bá a, ó mọ ohun tó kàn: ikú ni. Kí n tó gbọ́ pé ọba kan dé adé, ó wá gun òkè lọ da ìgbẹ́ lé àwọn tó ń jọba lé lórí, màá ti gbọ́ pé igbá ti dé ààfin rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe èyí ní ìwà ọba. Ẹ ń bú ọba.

Ẹ tún wo bí Trump ṣe ń ṣe sí àlejò. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2025, Volodymyr Zelenskyy, ààrẹ Ukraine, tí ogun ń jà nílé rẹ̀, wá bá a. Trump àti igbákejì rẹ̀, JD Vance, jágbe mọ́ ọn lójú kámẹ́rà, ọkùnrin náà sì bọ́ síta láì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó bá wá. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún, Cyril Ramaphosa ti Gúúsù Áfíríkà ló kàn. Ó jókòó tán, wọ́n dín iná kù, wọ́n tan fídíò, wọ́n ń fi ẹ̀sùn kan orílẹ̀-èdè rẹ̀ lójú ayé. Ramaphosa kò gbé ohùn sókè. Mo kí i fún un.

Ti Làìbéríà ló wá ya mí lẹ́nu. Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje, ààrẹ ilẹ̀ Áfíríkà márùn-ún lọ kí Trump ní White House. Nígbà tó kan Joseph Boakai ti Làìbéríà, tó jẹ́ ẹni ọgọ́rin ọdún, ó sọ̀rọ̀ tirẹ̀. Trump wá ń yìn ín pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán, ó ń bi í pé níbo ló ti kọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba Làìbéríà! Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti Amẹ́ríkà padà wá sí Áfíríkà ló dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀, wọ́n sì gbòmìnira ní ọdún 1847. Ó dà bí ìgbà téèyàn bi ọmọ Ẹ̀pẹ́ pé ta ló kọ́ ọ ní ẹja jíjẹ.

Ti Póòpù, n kò ní fà á gùn. Francis kú ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 2025. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Trump fi gbé àwòrán ara rẹ̀ jáde nínú aṣọ Póòpù. Mùsùlùmí ni mí, ara mi bù máṣọ.

A rí gbogbo ìyẹn, a rẹ́rìn-ín, torí ẹlòmíràn ni wọ́n ń ṣe é fún. Ó di ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, ẹnu kan náà yíjú sí wa. Ó kọ ọ́ síta pé bí ìjọba Nàìjíríà kò bá dá pípa àwọn Kristẹni dúró, Amẹ́ríkà lè ya wọ orílẹ̀-èdè tó ti di ẹni ẹ̀tẹ́ yìí, kí ìbọn máa ró lákọlákọ. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Ẹnì kan ń béèrè bóyá bọ́ǹbù lè dé Èkó, òmíràn ń sọ pé kí wọ́n tètè wá. N kò sọ pé ilẹ̀ wa fararọ o. Kristẹni ń kú, Mùsùlùmí ń kú, ẹni tó sì ń ṣèjọba lé wa lórí ní ẹjọ́ láti jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ogun ni, ẹ̀mí èèyàn ló wà nínú rẹ̀, ẹ wá wo ẹnu tí wọ́n fi sọ ọ́, bí ẹni tí àgbèrò já owó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gáréèjì. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyáálé, àjà ló wà fún ìyàwó. A ti ń wò ó látọdún tó ti bẹ̀rẹ̀ pé ó ń ro lẹ́yìn ẹlòmíràn, a ń pàtẹ́wọ́.

Onígbàjámọ̀ mi kò gbà fún mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹni tó ń sọ tinú ẹ̀ sàn ju àwọn tiwa lọ, tí wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa, tí wọ́n á tún gbé owó wa lọ." Ọ̀rọ̀ náà gún mi, torí òótọ́ wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Amẹ́ríkà púpọ̀ fi fẹ́ràn ọkùnrin náà, tí wọ́n fi dìbò gbé e wọlé ní ọdún 2016, tí wọ́n tún gbé e wọlé ní ọdún 2024. Ìrẹ̀lẹ̀ ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ ṣáájú kò kó wọn yó.

Èsì tí mo fún un, ẹ jẹ́ kí n fún ẹ̀yin náà. Ààrẹ là ń pe ẹni tó ń darí kóòtù ìbílẹ̀. Ọ̀kan wà tí mo bá ṣiṣẹ́, ó ti di olóògbé. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tí ẹjọ́ rẹ̀ kò fẹ́ dára dìde láàárín kóòtù, ó nawọ́ sí ààrẹ, ó pè é ní olè, ó pè é ní àgbàyà. Bírò bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọlọ́pàá ti ń bọ̀. Ààrẹ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún, ó ń nù ún, ó ń nù ún, àfi bí ẹni pé epo ló dà sí i. Ó gbé e padà sójú. Ó ní, "Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú ń bí olùpẹjọ́. A ó gbọ́ ẹjọ́ yìí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun." Ó dìde.

A dé yàrá rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Olóòtú, èébú tí ọkùnrin yẹn bú olùpẹjọ́ náà, tó fi kan bàbá tó bí i lọ́mọ, ní ojúlówó Ìjẹ̀bú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára. Ó sọ tinú ẹ̀ dáadáa. Ó kàn mọ̀ pé àga tó wà níta yẹn kì í ṣe tirẹ̀.

Onígbàjámọ̀ kò fèsì. Nígbà tó yá, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n jọ lọ sọ́dọ̀ ìyá alákàrà, ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. Ìyá ní òun ti gbàgbé.

Kí ẹ má baà sọ pé ìlú òyìnbó nìkan ni ojú mi ríran dé: ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ní Ìṣẹ́yìn, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dúró lórí pèpéle, ó pàṣẹ fún àwọn orí adé pé "Ẹ dìde!", wọ́n dìde, ó ní "Ẹ jókòó!", wọ́n jókòó. Ó ti kúrò lórí àga ààrẹ láti ọdún 2007 nígbà náà, síbẹ̀ gbogbo ilẹ̀ Yorùbá gbóná. Àwọn kan ní ó ṣe é re, torí àwọn ọba náà kò dìde fún gómìnà tó wà níbẹ̀. Èmi kò sí lára wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rántí ni pé ojú ìwé iwájú ni ẹ̀yin oníwèé ìròyìn gbé e sí. Ẹ bi í, ẹ bi àwọn ọba, ẹ bi àwọn àgbà. Ẹnikẹ́ni kò fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúrẹ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ìyẹn lọ. Bí ààrẹ Amẹ́ríkà bá tún ṣe irú rẹ̀, ẹ gbé e sí ojú ìwé ìròyìn òkèèrè. Ẹ sọ ẹni tó bú fún wa, ohun tí ẹni náà bá wá, àti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ wá. Kí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kó ti kà á tán kó tó rín in. Ewúrẹ́ tó wọ ṣòkòtò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ síbi tó wà. Òun kò bú ẹnikẹ́ni, ṣòkòtò náà sì bá a mu.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì,
Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.